Ìwé Ìsinmi Tó Kó Àwọn Àgbà Dé Ilé Búrẹ́dì

Ní Ìlobù, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, òórùn búrẹ́dì Alhájà Mùíbátù ló máa ń jí àwọn ọmọ iléèwé kí ìyá wọn tó jí wọn. Àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo á ti tò síwájú ilé búrẹ́dì náà létí títì. Ẹlòmíràn ti gbé ẹ̀wà rẹ̀ dání nínú abọ́, búrẹ́dì nìkan ló kù.

"Alhájà, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ó ti jáde?"

"Ó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù ló ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná."

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn Iléyá ọdún 1995, èéfín ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn èéfín, igbe. Victoria, ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì lójú fèrèsé, sáré wọlé, ó sì bá Ọlábánjí, ọ̀gá ààrò, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó di apá ọ̀tún rẹ̀ mú. Oorun ló gbé e lọ lórí ìdúró. Apá rẹ̀ kan irin ẹnu ààrò, gbogbo búrẹ́dì inú ààrò sì ti dúdú bí èédú.

Ẹ gbọ́ ohun tí Alhájà kọ́kọ́ sọ. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́.

"Búrẹ́dì mi o!"

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rí apá ọkùnrin náà. "Háà! Ọlábánjí! Ẹ bu omi tútù sí i! Ẹ wá ọkọ̀!"

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wẹ apá náà, ó dì í. Ó tún wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì wò ó lójú.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ sinmi kẹ́yìn?"

Ọlábánjí ronú. Ó ronú pẹ́. "Nígbà tí a sin bàbá mi."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ó di ọdún mẹ́rin nínú oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò."

"Ẹ sin òkú, ẹ gba àlejò, ẹ ò sùn, ẹ wá pe ìyẹn ní ìsinmi?" Nọ́ọ̀sì yíjú sí Alhájà. "Ìyá, iná kọ́ ló jó ọkùnrin yìí o. Àárẹ̀ ló jó o. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ru. Tí kò bá sinmi, èyí tí ẹ máa gbé e wá fún lẹ́ẹ̀kejì á ju apá lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alhájà létí, ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ẹ má bínú sí i. Ọdún 1969 ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti Kùmásí padà dé, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn. Páànù búrẹ́dì mẹ́fà ni obìnrin yìí rù wọ Ìlobù. Nígbà tó di ọdún kẹta, ọkọ rẹ̀ kú. Ó fi amọ̀ mọ ààrò sẹ́yìn ilé, òun ló ń pò ó, òun ló ń yan án, òun ló ń kiri rẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dìde bẹ́ẹ̀, kò lè tètè mọ̀ pé ó ń rẹ ẹlòmíràn.

Àwọn ará Gánà ní ìkíni kan fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní, "Ayékòó!" Ẹni tí wọ́n kí á dáhùn pé, "Yaa ẹ̀!" Òun ni Alhájà fi ń kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń kí o. Bí ó bá bá ọ lórí ìjókòó, ńṣe ló máa kọjá lára rẹ bí ẹni tí kò rí ọ.

"Ọmọ mi ni gbogbo wọn," ló máa ń wí. "Ọmọ kì í sì í gbàyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ò pani, ìṣẹ́ ló ń pani."

Ohun méjì péré ló lè mú kí èèyàn má wá síṣẹ́ nílé búrẹ́dì yẹn: àìsàn àti òkú. Níbi tí kò bá sì ti sí ìsinmi, òkú á pọ̀ níbẹ̀. Kàbírù, tó ń pò fúláwà, sin ìyá bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Lẹ́ẹ̀kejì, àánú ṣe Alhájà. Ó di ogún búrẹ́dì, ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lọ kí wọn kú ara fẹ́ra kù. Ìyá arúgbó kan ló jáde wá gba búrẹ́dì náà, tó sì rọ̀jò àdúrà lé e lórí.

"Ìyá, àwa ni ká ṣàdúrà fún yín," ni Alhájà wí. "Ẹ kú ìrọ́jú ẹni tó lọ."

"Ta ló lọ? Èmi ni ìyá bàbá Kàbírù. Kò sẹ́ni tó lọ níbí o."

Alhájà kò lè gba búrẹ́dì rẹ̀ padà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ó kàn délé, ó lé Kàbírù yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta ni.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tí apá Ọlábánjí jó, Nàfísàt, àbíkẹ́yìn Alhájà, wálé láti Òṣogbo gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń bójú tó: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó lọ sinmi. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àpò fúláwà, tó fọwọ́ lérán.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi."

"Iṣẹ́ dà? Ààrò ti tutù láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kàbírù gbìyànjú ẹ̀ lánàá, ẹ̀yìn ẹ̀ jó, inú ẹ̀ ò jiná. Mi ò mọ̀ pé èèyàn kan ṣoṣo ni mo gbé gbogbo ilé yìí kọ́ lọ́rùn." Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní ilé búrẹ́dì kan ní Òṣogbo ti ń ránṣẹ́ sí i. Bí Ọlábánjí bá lọ, Nàfísàt, iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélógún mi parí nìyẹn."

"Ẹ fún un ní ìsinmi, Màámi."

"Ṣé mo ní kó wá ni? Mo ti ní kó jókòó títí apá ẹ̀ á fi san."

"Àìsàn nìyẹn, àyè tirẹ̀ yàtọ̀. Ìsinmi ọdọọdún ni mò ń wí. Ara ẹ̀ á le koko, á kàn wà nílé ni, owó oṣù ẹ̀ á sì pé."

Alhájà bú sẹ́rìn-ín. "Kí n máa sanwó fún ẹni tó ń sùn? Ìyẹn tàwọn oníṣẹ́ ìjọba."

"Kì í ṣe tiwọn nìkan. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ló sọ ọ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá gbáko lọ́dọ̀ èèyàn, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni ìsinmi ẹ̀ lọ́dún, owó ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín. Tó bá jẹ́ ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ọjọ́ méjìlá."

"Mẹ́fà! Jẹ́ kó jẹ́ méjì."

"Màámi, òfin kì í ṣe ata tí a ń ná."

"Ó dáa. Tí mo bá wá fún un lówó ọjọ́ mẹ́fà náà lé owó oṣù ẹ̀, kó má lọ síbì kankan ńkọ́?"

"Òfin kọ ìyẹn náà, níwọ̀n ìgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ara ló fẹ́ sinmi, Màámi, kì í ṣe àpò."

Ọmọ jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àpò fúláwà kejì.

"Ilé ni àbọ̀ sinmi oko," ni Nàfísàt wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó lọ sóko gan-an máa ń wálé. Ọdún mọ́kànlá rèé, Bọ̀dá Ọlábánjí ò tíì ti oko yín dé."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ Alhájà lọ́kàn. Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀, ó sì dìde.

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kọ ọ́ fún un. Má kọ mẹ́fà, kọ mẹ́rìnlá. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Ibí yìí ni ìyá àti ọmọ ti ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin náà ẹ fi ṣọ́ra. Ohun rere ni wọ́n fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Nàfísàt fi ẹ̀rọ tẹ ìwé náà dáadáa ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi sínú àpòòwé aláwọ̀ pupa-rẹ́súrẹ́sú tí ìjọba máa ń lò, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlobù, Victoria sì gbé e lọ sí ilé Ọlábánjí ní Ìfọ́n ní ọjọ́ Ẹtì.

Iwájú ilé ni Ọlábánjí wà nígbà tí ìwé dé. Ó wo àpòòwé náà, ó fi ọwọ́ òsì yọ ìwé inú rẹ̀. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé, "A fún yín ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ má ṣe wá síbi iṣẹ́ láàárín àkókò yìí." Kò lè kà á kọjá ibẹ̀.

"Fadékẹ́," ló pe ìyàwó rẹ̀, "wọ́n ti lé mi."

Fadékẹ́ gba ìwé náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Bàbá Dámilọ́lá, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n lé yín?"

"Ta ló tún ń kọ 'a lé ọ' láyé ìsìnyí? Báyìí náà kọ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ níbi iṣẹ́ ìjọba? Wọ́n ní kó lọ sinmi ná. Ọdún kẹta rèé, ṣé kò ṣì ń sinmi?"

Fadékẹ́ káwọ́ lérí, ó gba ilé Bàbá Oyèwùmí lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, àgbà méje wọ Ìlobù láti Ìfọ́n, tàwọn ti agbádá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aáwọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì tipẹ́, àgbà Ìfọ́n méje kì í sì í déédéé gbé agbádá wọ̀ wá sí Ìlobù láàárọ̀ kùtù. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ dìde. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà gbé abọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn àwọn àgbà, Ọlábánjí ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ ní ọwọ́ kan, àpò fúláwà odidi kan wà lórí rẹ̀.

Alhájà jáde pẹ̀lú fúláwà lọ́wọ́. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá. Ṣé kò sí o?"

Bàbá Oyèwùmí, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò dáhùn. Ó ṣí fìlà. Ó fọwọ́ kó etí agbádá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba láti dọ̀bálẹ̀.

"Yéè! Bàbá! Ẹ má fìyẹn ṣépè fún mi!" Kíá, Alhájà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ méjèèjì. "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, Alhájà. Ọmọ wa jẹ̀bi. Ó sùn, búrẹ́dì yín jó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ìyá ẹ̀, ẹ dákun, ẹ má lé e. A ti ra àpò fúláwà kan wá, ká fi dí ohun tó bàjẹ́."

"Ta ló lé e?"

"Ìwé yín ni, Alhájà."

"Ìwé ìsinmi ni mo fún un!"

"A mọ̀," ni Bàbá Oyèwùmí wí tàánú-tàánú. "Ìsinmi náà ni wọ́n máa ń pè é."

Ìgbà yẹn ló tó yé Alhájà. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló ṣì wà nínú omi ojú náà.

Nàfísàt, tó ti Òṣogbo dé bí ìṣe Sátidé rẹ̀, kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó gba ìwé lọ́wọ́ Ọlábánjí, ó sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó kù díẹ̀ tí wọn kò kà: "Owó oṣù yín á pé. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá náà bá parí, a ó máa retí yín lẹ́nu iṣẹ́ yín."

"Bọ̀dá Ọlábánjí, ṣé ẹ ò ka ìsàlẹ̀ yìí ni?"

"Ojú mi ti ṣú kí n tó débẹ̀."

"Ẹ dúró ná," ni Bàbá Oyèwùmí wí. "Ṣé kó lọ máa sùn, kó máa jẹun, kẹ́ ẹ sì máa sanwó fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Alhájà, ẹ ò wá òṣìṣẹ́ kan sí i? Èmi náà mọ oorun ún sùn dáadáa."

Ẹ̀rín gba títì. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín.

"Alhájà, mo dúpẹ́," ni Ọlábánjí wí, ó wolẹ̀. "Ṣùgbọ́n n ò ní lọ."

"Kí ló tún dé?"

"Kí n tó lọ, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ mọ ààrò. Bí ẹlòmíì bá wá mọ ààrò, kí lẹ ó tún fi èmi ṣe?"

Àwọn òṣìṣẹ́ mọ ohun tó ń wí. Bí ààrò bá gbóná, Ọlábánjí máa ń ju ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan sínú rẹ̀, á máa ka nǹkan lábẹ́lẹ̀, á sì wo bí gàrí náà ṣe ń pọ́n. Bó bá ti rí bó ṣe fẹ́, á ní, "Ó yá." Iye tó ń kà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń kẹ́yìn sí wọn kí wọ́n má baà rí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sinmi: ẹ̀rù ló dè é mọ́ ẹnu ààrò.

Alhájà dìde. Ó wọlé lọ gbé àpótí kékeré tí Ọlábánjí máa ń jókòó lé, ó gbé e síwájú àwọn àgbà.

"Bàbá Oyèwùmí, gbogbo yín lẹlẹ́rìí. Àpótí yìí á wà lẹ́nu ààrò. Kò sẹ́ni tó máa fìdí kàn án títí Ọlábánjí á fi dé. Nàfísàt, kọ ọ́ sínú ìwé: ẹni tó bá lọ sinmi, ipò ẹ̀ ń dúró dè é."

"Ọ̀rọ̀ rere nìyẹn," ni àwọn àgbà wí.

"Mo sì tún ṣe àṣìṣe. Ó yẹ kí n pè yín jọ kí ìwé tó jáde. Ó yá, gbogbo ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má lọ. Ẹ bá wa dá sí i."

Ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ lórí àpò fúláwà, ariwo sì sọ.

"Kérésì ni mo fẹ́ lọ tèmi," ni Victoria wí.

"Èmi, Iléyá," ni Kàbírù wí.

"Láéláé!" ni Alhájà ké. "Ìgbà tí gbogbo ayé ń ra búrẹ́dì! Kẹ́ ẹ wá fi ààrò sílẹ̀ fún èmi nìkan?"

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín," ni Bàbá Oyèwùmí wí. "Ìgbà wo ni búrẹ́dì kì í tà?"

Gbogbo wọn wo ara wọn. Ẹnu wọn ṣe ọ̀kan: "Ìgbà àgbàdo!"

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí àgbàdo tuntun bá ti dé, tí wọ́n ń sè é tí wọ́n ń sun ún káàkiri, búrẹ́dì á kàn máa wo ènìyàn lójú lórí àtẹ ni. Nàfísàt fa ìlà sórí pátákó ìwé ńlá kan. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, àwọn méjì-méjì ni yóò máa lọ, àwọn méjì tó bá ń lọ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún kan, ọjọ́ mẹ́fà. Ẹni tó ti kọjá ọdún márùn-ún, mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọjọ́ méjì pamọ́ fún Kérésì tàbí Iléyá lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jẹ àǹfààní ọdún yìí, á yọwọ́ fún ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣù kan ṣáájú ni èèyàn á sọ ọjọ́ tó ń lọ, á sì ti kọ́ ẹnì kan ní iṣẹ́ rẹ̀.

Kàbírù nawọ́ sókè. "Tí òkú bá wá ṣe èèyàn ńkọ́?"

"Òkú àti àìsàn ní àyè tiwọn, a ò ní yọ ọ́ nínú ìsinmi ẹnikẹ́ni," ni Alhájà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ìyá bàbá tìẹ ti kú tó."

Wọ́n kan pátákó náà mọ́ ara ògiri, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Alhájà bu ọwọ́ lù ú, àwọn òṣìṣẹ́ sì bu ọwọ́ lù ú lẹ́yìn rẹ̀. Àpò fúláwà tí àwọn àgbà gbé wá, Alhájà ní kí wọ́n fi yan búrẹ́dì, kí wọ́n sì kó o tẹ̀lé wọn lọ sí Ìfọ́n.

Bí apá Ọlábánjí ṣe san, ó pe Kàbírù sẹ́nu ààrò. Ó bu gàrí, ó jù ú sínú ààrò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò kẹ́yìn sí ẹnikẹ́ni.

"Máa kà á sókè," ló wí. "Bí o bá ka méjìlá kó tó pọ́n, kò tíì gbóná tó. Bó bá pọ́n kó o tó ka márùn-ún, ṣílẹ̀kùn kó fẹ́ díẹ̀. Bó bá pọ́n láàárín méje sí mẹ́jọ, ìgbà búrẹ́dì nìyẹn."

"Bọ̀dá, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń fi pamọ́ nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn," ni Ọlábánjí wí. Ó jọ ọ́ lójú pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù keje, ó lọ sinmi. Fadékẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oorun ló ń sùn, bí ó bá jẹun tán á tún sùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ara kò gbà á mọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé Ìlobù ní kùtùkùtù, ó sì fara pamọ́ sáàárín àwọn tó ń ra búrẹ́dì. Alhájà rí fìlà rẹ̀.

"Ọlábánjí! Kí lo wá ṣe?"

"Búrẹ́dì ni mo wá rà, mà."

Victoria ta ẹyọ kan fún un. Ó bù ú sí méjì lójú gbogbo èèyàn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka tẹ àárín rẹ̀. Kàbírù yọjú lójú fèrèsé, kò mí.

"Ó jiná," ni Ọlábánjí wí. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu. "Kàbírù, ó jiná dáadáa."

Kàbírù ń hó bí ẹni tí wọ́n fi joyè!

"Ó jiná, àbí?" ni Alhájà wí. "Ó yá, gun kẹ̀kẹ́ rẹ. Mẹ́rìnlá ni ìwé wí, mẹ́rin lo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò."

Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọkùnrin náà wọlé wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Nọ́ọ̀sì ti tún wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní ó ti wálẹ̀, kó máa tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀. Ẹnu ààrò ló kọ́kọ́ lọ. Àpótí rẹ̀ wà níbẹ̀. Fúláwà ti fẹ́ bò ó, ó funfun láu, kò sí àpá ìdí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ nù ún, ó jókòó. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló ránṣẹ́ sí àwọn ará Òṣogbo pé kí wọ́n má retí òun mọ́, òun ti níbi tí òun ń gbé.

Láti ìgbà náà, búrẹ́dì kò jó mọ́ nílé Alhájà. Kò sì sí ìyá àgbà kankan tó tún kú lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí àgbàdo ọdún kejì dé, Ọlábánjí kó gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, ó na àpòòwé kan sí Alhájà. Aláwọ̀ kan náà ni. Alhájà là á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìyá wa, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Àwa ọmọ yín fún yín ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ má ṣe wá síbi iṣẹ́ láàárín àkókò yìí."

"Ẹ ti lé mi nìyẹn?" ni Alhájà wí.

"Ẹ ka ìsàlẹ̀ ẹ̀, mà," ni Ọlábánjí wí.

Ó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Àga yín ń dúró dè yín."

Kọ́kọ́rọ́ iyàrá fúláwà wà ní etí ìró rẹ̀, níbi tó ti máa ń so ó mọ́ láti ìgbà tó ti kọ́ ilé náà. Ó tú u. Ó pẹ́ díẹ̀ kí kókó náà tó tú, kò sì sẹ́ni tó bá a kánjú. Ó fi í sí ọwọ́ Ọlábánjí, ọwọ́ tí iná ti jó rí.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn ló lọ, ẹni tí kò tíì fojú kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó wọkọ̀ tán, tó jókòó, tí kò gbé iṣẹ́ kankan dání, àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n pariwo lẹ́ẹ̀kan náà:

"Alhájà, ayékòó!"

Ó yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Yaa ẹ̀!" ló dáhùn. "Yaa ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ìsinmi ọdọọdún kì í ṣe ìtọrẹ àánú, ẹ̀tọ́ ni, òfin sì mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe dúró kí ẹnì kan jóná kí ẹ tó ṣètò rẹ̀. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ yín jọ kí ẹ tó kọ ohunkóhun, kí ìwé rere má baà di ìwé ẹ̀rù. Ẹ jọ wá ìgbà tí ọjà kì í yá, ẹ kọ iye ọjọ́ àti ìgbà tí kálukú ń lọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ pé, kí ẹ má sì fi owó ra ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń lọ mọ̀ dájú pé àpótí òun ń dúró de òun.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ pamọ́ sínú ikùn. Ẹni tó kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́ ló lè sùn kó jí. Ẹ má pa ìyá àgbà yín mọ́, ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn ni mo wá fi sílẹ̀ fún ọ̀gá àti ọmọṣẹ́: ìgbà wo lẹ sinmi kẹ́yìn? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìsìnkú nìkan lẹ rántí, ẹ wá pátákó ìwé àti ìṣó lónìí.